Áńpù Tí Mo Fi Etí Rà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn ó fi pa ojú mi dé. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi. Ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́ kan ni, ní Kabba níbí, tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìjọ pẹ̀lú ìró tó dára jù nínú àpótí mi, tí mo na àtàǹpàkò sí bọ́tìnnì kan bí ológbò tó ń ṣọ́ eku lẹ́nu ihò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ìpínlẹ̀ Kogí kò tíì ju ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín lọ nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ta gìtá nínú ìjọ wa láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, débi pé àwọn ọmọdé ò mọ orúkọ rẹ̀, Bàbá Onígìtá ni wọ́n ń pè é. Àìsàn kan wá dé sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé àgbàdo. Dókítà sọ fún un pé kò ní san, pé ńṣe ni yóò máa rẹ̀ ẹ́ sí i. Ó bá lọ sọ fún ìjọ pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ lòun máa gbé gìtá náà fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun ta orin kan ṣoṣo ṣáájú, orin tí ìyá wa máa ń kọ bó bá ń yan gàrí.

Ó pè mí sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, orin kan ló kù nínú ọwọ́ yìí. Mo fẹ́ kó dún síta bó ṣe ń dún nínú orí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọwọ́ ṣe bó bá ṣe fẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, á dún."

Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá ohùn sáyé. Bẹ́ẹ̀ eku ti jẹ gbogbo wáyà inú áńpù ìjọ nígbà yẹn. Áńpù ni àpótí tí gìtá ń gbà sọ̀rọ̀ sókè. Bí kò bá sí i, gìtá oníná ò yàtọ̀ sí pákó tí wọ́n de okùn mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní àwọn máa ra tuntun. Wọ́n ní èmi ni kí n lọ rà á ní Lọ́kọ́ja, nítorí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ lọ́jà, kí Tísà sì tẹ̀ lé mi. Tísà ni olórí akọrin wa, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ni nílé ìwé, tó mọ̀ nípa gìtá ju bó ṣe máa ń sọ lọ.

Ẹ gbọ́, ìkòkò amọ̀ ni mò ń tà. Ojú kọ́ la fi ń ra ìkòkò. Ojú á rí i pé ó ń dán, bẹ́ẹ̀ ó ti sán nínú. Oríkèé ìka la fi ń gbá a, etí la sì fi ń gbọ́ èsì. Èyí tó sán á dún gbọ́kọ́ bí ẹni tó ń húkọ́. Èyí tó pé á dún gooro, ohùn á rìn yí inú rẹ̀ ká kó tó jáde. Ọ̀nà tí mo fi ń rajà nìyẹn látìgbà tí mo ti wà nílé ọkọ, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ohun tí mi ò rò ni pé ìkòkò kì í lo iná mànàmáná.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé méjì kalẹ̀ fún wa. Ó ní díjítà ni àwọn méjèèjì, pé wọ́n ní ọpọlọ nínú bíi ti kọ̀mpútà, wọ́n sì lè fara wé ohùn oríṣiríṣi áńpù ayé àtijọ́. Ọ̀kan tóbi, bọ́tìnnì tò sójú rẹ̀ bí hóró àgbàdo. Èkejì kéré, bọ́tìnnì rẹ̀ ò pọ̀, ihò kan ṣoṣo ló sì ní tí wáyà gìtá lè wọ̀.

Mo fi oríkèé ìka gbá ńlá náà. Mo gbá kékeré.

Ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, kì í ṣe ilẹ̀kùn o. Kò sẹ́ni nínú ilé."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mò ń kí wọn ni."

Tísà so gìtá mọ́ ńlá, ó ta á. Ohùn jáde, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí agolo mílíìkì tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ gbá kiri ló rí létí mi. Ó wá so ó mọ́ kékeré. Okùn kan péré ló ta, ara mi dúró. Ohùn náà yọ jẹ́jẹ́, ó yípo, ó kún, bí ìgbà tí èèyàn ń da omi sínú ìkòkò tuntun láàárọ̀, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń gòkè. Mo rí ìyá mi nídìí agbada gàrí. Mo ní, "Èyí ni."

Tísà gbé gìtá sílẹ̀. Ó ní, "Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀." Iye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. "Ohùn èyí dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò lè lo bátìrì mọ́tò bíi ti àtijọ́ wa. Kò ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti pààrọ̀ ohùn. Kì í tọ́jú ohùn. Bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un. Ńlá yìí, bí ẹ bá ti to ohùn sínú rẹ̀, títí ayé ni."

"Tísà, ṣé ẹ fẹ́ máa rán an níṣẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kó kọrin?"

"Iye, iná Kabba lẹ gbàgbé."

"Iná á wà lọ́jọ́ ìdúpẹ́. A ó gbàdúrà sí i."

Ó ká wáyà gìtá jọ. Ó ní, "Tò."

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mọ "tò" yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe rárá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, mo ti wí tèmi.

Bí a ṣe fẹ́ gbé e sọ́kọ̀, mo dì í bí mo ṣe ń di gbogbo ohun tó lè fọ́. Bí a bá kó ìkòkò láti ọ̀nà jíjìn, koríko gbígbẹ là ń kì sí wọn nínú, a óò tún kì í sáàárín wọn, nítorí kòtò ojú ọ̀nà. Mo tọrọ koríko lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo kì í yí áńpù náà ká nínú apẹ̀rẹ̀. Níbikíbi tí mo ti rí ihò lára rẹ̀, mo kì í síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi ìka tì í wọlé dáadáa. Tísà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí a délé, wáyà gìtá kọ̀, kò wọlé. Tísà fojú sún mọ́ ihò náà, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Iye, ta ló ki koríko síbí?"

"Èmi ni. Kó má baà fọ́."

Ó jókòó sílẹ̀. "Ńlá yẹn, ihò méjì ló ní," ni gbogbo ohun tó sọ. A fi ẹyọ ìgbálẹ̀ àti píìnì irun ọmọ mi obìnrin fa koríko náà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ìkókó. Bí ihò kan náà bá bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Ó gbà níkẹyìn. Tísà tan iná, ó ta okùn kan. Ohùn tó jáde, màlúù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú afárá ló ń ké bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ìyálé mi já okùn, ó sá lọ sẹ́yìn ilé.

Mo ní, "Kì í ṣe ohun tí a rà nìyí."

"Òun ni, Iye. Ohùn tó fi ń jí nìyẹn, tàwọn olórin ariwo òkè òkun. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé, ibẹ̀ ló máa padà sí. Ẹ máa kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì yìí títí iná pupa á fi di àwọ̀ ewé, kí ẹ wá yí èyí dé àárín gbùngbùn. Ìgbà yẹn ni ohùn tí ẹ fẹ́ràn á tó dé."

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Èmi máa wà níwájú akọrin. Ọwọ́ Bàbá á wà lórí gìtá." Kò parí rẹ̀. Ojú tó fi wò mí ló parí rẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì nìyẹn. Mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi kọ́ ọ: tẹ̀, wò ó, yí i. Ẹ̀gbọ́n mi wá, a ṣe àdéhùn. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, kó má fọwọ́ kan okùn. Bí mo bá sọ ọ́ sílẹ̀, kó máa bá a lọ.

Ọjọ́ Àìkú dé, iná wà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Tísà, kò dá a padà. Àlùfáà àgbà kan ló wá láti Mopa láti wá ṣe ìsìn náà, ọkùnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọdé máa ń dákẹ́ kó tó wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga lọ́wọ́ iwájú pẹ̀lú gìtá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, áńpù wà láàárín wa. Bátìrì mọ́tò tí ìjọ ń lò fún ti àtijọ́ wà ní igun níbẹ̀ bákan náà, kò ríṣẹ́ ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdúpẹ́. Gbogbo wa di ojú. Ó ti dé ibi tó ń dúpẹ́ fún òjò nígbà tí mo gbọ́ tí fáànù òkè fa ohùn sílẹ̀, tó tún gbé e. Iná ti ṣẹ́jú. Kí n tó la ojú tán, apá agbádá ẹ̀gbọ́n mi ti kan okùn.

Màlúù náà ké.

Ọmọ ọwọ́ bú sẹ́kún. Ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde lójú fèrèsé. Ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn dáadáa sọ pé, "Àmín." Mo na ọwọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i, iná pupa di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ohun tó ti jáde ti jáde.

Àlùfáà la ojú. "Kí ni yẹn?"

Gbogbo ìjọ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Bí nǹkan yẹn bá tún ké lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ilé Ọlọ́run, ẹ óò gbé e jáde. Bó bá jẹ́ ìdí orin la wà, orin náà á parí síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju ti àárọ̀ lọ. Ó ní, "Àbúrò, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé e jáde."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú áńpù náà. Ìró mi gbá eruku, mi ò bìkítà. Mo gbé àtàǹpàkò sórí bọ́tìnnì. Gbogbo ìwàásù tí àlùfáà ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí. Iná kékeré yẹn ni mo ń wò. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò gbé e. Kòkòrò kan rìn lọ́rùn mi, mo jẹ́ kó rìn.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pe Bàbá Onígìtá. Ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tí mo gbọ́ ní Lọ́kọ́ja, ọmọdé ni sí ti ọjọ́ yẹn. Ó kún ilé náà dé òrùlé, bẹ́ẹ̀ kò pariwo. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, bó ṣe kan okùn, gbígbọ̀n rẹ̀ wọ inú orin lọ, ó dà bí ẹni pé ohùn ìyá wa ló ń wárìrì. Ẹsẹ kìíní parí, akọrin gba ègbè. Àárín ègbè ni fáànù tún fa ohùn sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìka dúró sókè okùn, kò kàn án. Iná dé, iná pupa yọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ègbè ti ń parí lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, ó di àwọ̀ ewé, mo yí i dé àárín, mo sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó wọ ẹsẹ kejì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Tísà tó ń darí akọrin mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ ni mo fi mọ̀.

Ní ẹsẹ kẹta, iná lọ pátápátá.

Fáànù dúró. Áńpù mi dákẹ́. Mo ń wo ojú rẹ̀, kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé. Mo wo bátìrì mọ́tò ní igun, bátìrì náà ń wò mí. Tísà kò wo ẹ̀yìn, Ọlọ́run á san án fún un. Akọrin ti pa ẹnu dé. Mo rò pé ó ti tán, pé ìlérí tí mo ṣe sẹ́yìnkùlé ti já mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró. Ó di ojú, ó ń ta á lọ. Àwa tó wà níwájú ń gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹ̀fọn tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àwọn ẹ̀yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin kan bá dìde lẹ́yìn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó má baà dún, ó rìn wá síwájú. Ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, gbogbo ìjọ ti dìde, wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n dúró yí i ká, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀. Àlùfáà fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìwàásù, ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó húkọ́. Èèyàn bò mí mọ́lẹ̀ níbi tí mo wà, mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo dìde. Mo kúrò nídìí áńpù.

Ó ti dé orí ohùn tó kẹ́yìn pátápátá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni iná dé.

Mi ò ní sọ bí màlúù náà ṣe ké lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ áńpù náà gan-an ni gbogbo wọn ti tẹ́tí sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì méjì dojú dé. Ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ìyá tó ń ṣe àmín ní òun gbọ́ èyí dáadáa. Àlùfáà àgbà ti fò sẹ́yìn, gbogbo gíga rẹ̀, ó di ẹ̀wù Tísà mú.

Gbogbo ilé wá yíjú sí àlùfáà.

Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Mo ti sọ pé bó bá tún ké, kí wọ́n gbé e jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. Ó ní, "Bàbá, kò burú. Orin ti tán."

Ni òun alára bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gìtá fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ń wo àlùfáà, ó gbé Bíbélì bo ojú, mo rò pé àdúrà ló ń gbà, àfi bí mo ṣe rí i tí ikùn rẹ̀ ń mì.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dágbére fún ìjọ nìyẹn. Kò tún ta gìtá níwájú èèyàn mọ́. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n lọ jókòó, pé ẹsẹ méjì dún bó ṣe ń dún nínú orí òun, pé èèyàn mélòó ló rí ìyẹn gbà láyé?

Àwọn ìyá ìjọ padà lọ ra ńlá. Wọn ò rán mi. Ó ní bátìrì, ó ní ihò, ó ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Iná lọ, iná dé, kò ké rí. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, mi ò sì tíì rí ẹnì kan tó bọ́ bàtà torí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí etí sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnu béèrè kí a tó kúrò lọ́jà pé, bí iná bá lọ ńkọ́? Mò ń béèrè rẹ̀ lórí gbogbo nǹkan báyìí. Lọ́jọ́ kan mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àtùpà elépo fún mi. Ó wò mí, ó wo àtùpà, ó ní, "Iye, ṣé ara yín le?" Ẹ̀rín pa mí, mo bá sanwó àtùpà náà.